Sí Olóòtú: Ẹ̀yin tíṣà kọ̀ǹpútà, "di" ni kẹ́ ẹ máa ka àmì = sí

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé. Ìtòkú níbí ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àdìrẹ ni mo ń tà, ìyá mi tà á, ìyá tó bí ìyá mi ló sì ń rẹ aṣọ sínú aró nígbà ayé ẹ̀. Mi ò kọ̀wé sílé ìwé ìròyìn kankan rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà họ́lídè tó kọjá, mo sì gbà pé ẹ̀yin lẹ lè bá wa gbé e débi tó yẹ kó dé.

Ọ̀rọ̀ variable ni, ìyẹn orúkọ tí à ń fún iye tàbí ọ̀rọ̀ kan nínú iṣẹ́ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì gbọ́ ọ rí, ẹ má jẹ́ kó lé yín sá, nǹkan náà ò le, bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa ló sọ ọ́ di líle.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé àwọn kọ́sítọ́mà mi ti pọ̀ lórí WhatsApp, ti Ìbàdàn, ti Èkó, àwọn tó wà ní London pàápàá, eléyìí á ní òun fẹ́ yáàdì márùn-ún lọ́nà mẹ́ta àti gèlè méjì, èló ni gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú owó ọkọ̀, kí n tó ṣírò tán ẹlòmíì ti ń pè, nígbà míì mo máa ń ṣì í, tí mo bá sì ti sọ iye kan fún oníbàárà ojú máa ń tì mí láti padà lọ sọ pé ó lé. Ọmọ mi obìnrin, SS2 ló wà, ló wá sọ fún mi pé wọ́n ń kọ́ àwọn ní JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, níbi lẹ́sìnnì kan nílùú yìí, pé èèyàn lè fi kọ ojú ewé kékeré kan tó máa bá mi ṣírò gbogbo ẹ̀ lórí fóònù. Mo bá san tèmi náà. Sátidé mẹ́fà ni mo fi jókòó ti àwọn ọmọdé yẹn.

Tíṣà wa, ọmọ dáadáa ni, mi ò ní í dárúkọ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní í dárúkọ ibẹ̀, torí mo ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí mìíì, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn níbi púpọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ kìíní ló kọ let x = 5; sójú pátákó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kà á, pé x equals five. Kò sẹ́ni tó bínú. Ó wá kọ x = x + 1; sábẹ́ ẹ̀, ó tún kà á, x equals x plus one. Mo rí ojú àwọn ọmọ yẹn bó ṣe yí padà. Ọmọ mi na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, x ò lè bá x plus one dọ́gba láéláé." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ! Láti pírámárì ni wọ́n ti kọ́ ọ pé àmì yẹn túmọ̀ sí pé apá ọ̀tún àti apá òsì dọ́gba, kò sí nọ́ńbà kankan láyé tó bá ara ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan dọ́gba. Tíṣà ní kó má da ara ẹ̀ láàmú, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ náà jókòó, kò sì bèèrè nǹkan kan mọ́ títí a fi jáde lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ tó ń bèèrè ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dákẹ́.

Inú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa bọ̀ láti Pánṣẹ́kẹ́ ni mo ti ń ro ó. Mo ń kà á lẹ́nu fúnra mi, mo ń fi Yorùbá kà á torí èdè tí mo fi ń ronú nìyẹn, mo ní x di x pẹ̀lú ọ̀kan. X di x pẹ̀lú ọ̀kan. Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní, "Màámi, ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Ṣé 'di' ni àmì yẹn ni?"

Di ni o! Aṣọ funfun wọnú aró ó di dúdú, ṣé a sọ pé funfun bá dúdú dọ́gba ni? Ọmọdé àná ló di ìyàwó ilé lónìí. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe níbẹ̀ náà nìyẹn gẹ́lẹ́, apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń wò, ó á mú ohun tó ń jẹ́ x lọ́wọ́lọ́wọ́, ó á fi ọ̀kan kún un, èyí tó bá jáde, òun ni x ń jẹ́ láti ìgbà yẹn lọ. Àti let fúnra ẹ̀, ẹ fi Yorùbá kà á, ẹ wo bó ṣe jókòó: let owo = 6500; jẹ́ kí owó di 6500. Kí la tún fẹ́ túmọ̀ nínú ìyẹn? Tó bá wá jẹ́ pé a fẹ́ bèèrè bóyá nǹkan méjì dọ́gba lóòótọ́, JavaScript ní àmì tiẹ̀ fún un, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń kọ ọ́ tẹ̀ léra, ===. Ìyẹn ni "ṣé wọ́n dọ́gba?" Èyí tó dá wà ni "di". Ọmọ tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní kò ní í já a láyà mọ́.

Ìyẹn ọ̀kan. Ohun kejì tó ń dùn mí ni ti àpótí. Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé variable dà bí àpótí tí èèyàn ń kó nǹkan sí, ó dùn ún gbọ́, ọmọdé tètè máa ń mú un, ṣùgbọ́n ó ṣì mí lọ́nà, ó sì kó bá mi. Mo to iye ọjà mi sílẹ̀ báyìí: let owoOsuTokoja = [6500, 3000, 12000]; yáàdì márùn-ún, gèlè, bùbá pẹ̀lú ìró. Nígbà tí nǹkan tún gbówó lórí, mo fẹ́ fi iye tuntun sí i, mo sì fẹ́ kí ti oṣù tó kọjá wà níbẹ̀ kí n lè máa wò ó. Mo kọ let owoOsuYii = owoOsuTokoja; mo wá yí èyí tó ṣáájú padà, owoOsuYii[0] = 7500; (òdo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ìyẹn náà ní ẹjọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀). Nígbà tí mo pe owoOsuTokoja jáde, 7500 ni mo bá níbẹ̀. 6500 ti lọ. Mo rò pé mo tẹ nǹkan ṣì ni, mo tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀, 7500 náà ló tún gbé wá. Àbí, tí mo bá da gààrí inú àpótí kan sínú àpótí kejì, ṣebí àpótí méjì ni mo ní, tí mo bá wá bu lára ọ̀kan kí ló máa kan èkejì?

Orúkọ ni variable, kì í ṣe àpótí, ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún wa nìyẹn. Àwa Yorùbá la sì yẹ kó kọ́kọ́ yé jù nínú gbogbo ayé, torí ọmọ kan ṣoṣo la máa ń sọ ní orúkọ mẹ́fà. Táíwò ni wọ́n ń pè é níta, ìyá àgbà ẹ̀ ń pè é ní Àjàní, wọ́n ní orúkọ tí wọ́n kọ sí ríjísítà níléèwé, ọmọ kan náà ni. Tí wọ́n bá fá orí Àjàní, ta ló máa yà lẹ́nu pé orí Táíwò ti di fífá? Nígbà tí mo kọ owoOsuYii = owoOsuTokoja, mi ò bí ọmọ tuntun, orúkọ kejì ni mo fún èyí tó wà nílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọmọ tuntun ni mo ń fẹ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: let owoOsuYii = owoOsuTokoja.slice(), ìyẹn á da ohun tó wà níbẹ̀ kọ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ó á di ẹni méjì. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́ báyìí fún ọmọ mi, òun ló ń sọ ọ́ fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ orúkọ ni, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí a ṣe ń ṣe orúkọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ni x, kí ni y, kí ni temp tí wọ́n ń kọ sójú pátákó fọ́mọ tí ò tíì mọ nǹkan kan? Mo sọ tèmi ní owoAso, owoGele, owoOko, iyeYaadi, tí mo bá padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan mo mọ ohun tí olúkúlùkù ń ṣe. Àwọn òfin ẹ̀ ò pọ̀: kò gbọdọ̀ ní àlàfo láàárín, nọ́ńbà ò gbọdọ̀ ṣáájú ẹ̀, lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà, tẹ́ ẹ bá pe owoaso nígbà tó jẹ́ owoAso lẹ sọ ọ́, á ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Èyí tí wọn ò fẹ́ kó yí padà, const ni wọ́n ń fi sọ ọ́. Bí mo ṣe máa ń gé aṣọ kì í yí, const iyeYaadi = 5; aró tó ti mu aṣọ ni, tẹ́ ẹ bá ní kó di 6, ẹ̀rọ á kọ̀, á gbé "Assignment to constant variable" wá sójú yín. Tíṣà wa ò kọ́ wa ní let àti const dáadáa o, var ló pọ̀ nínú nóòtì tó fún wa, àfi lọ́jọ́ kìíní yẹn. Mo wá mọ ìdí ẹ̀ nígbà tí mo kà nípa ẹ̀: ọdún 1995 ni Brendan Eich ṣe JavaScript ní Netscape, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló fi ṣe èyí àkọ́kọ́, var sì ni wọ́n ń lò látìgbà náà, ọdún 2015 ni let àti const tó wọlé. Nóòtì tí wọ́n ń gbé láti ọwọ́ tíṣà kan sí òmíì ò bá ọdún rìn. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà lásán. Mo kọ var owo fún aṣọ lókè, mo tún gbàgbé kọ var owo fún ọkọ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ò sọ̀rọ̀, èkejì kàn gbé àkọ́kọ́ mì, iye tó gbé jáde wá kéré, ó ku díẹ̀ kí n ta ọjà olówó iyebíye fún obìnrin kan ní iye ọkọ̀. Tó bá jẹ́ let ni mo lò, á ti pariwo pé orúkọ yẹn ti wà, "has already been declared", á sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Kí lẹ fẹ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, èyí tó ń pariwo àbí èyí tó ń dákẹ́?

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti 65003000 náà. Ojú ewé mi máa ń bèèrè iye ọjà nípa prompt, ìyẹn àṣẹ tó ń ní kí èèyàn tẹ nǹkan sí i, mo tẹ 6500 fún aṣọ, mo tẹ 3000 fún gèlè, mo ní kó fún mi ní owoAso + owoGele. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i, ó pariwo, "Màámi, mílíọ̀nù márùndínláàádọ́rin!" Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo ń retí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ohun téèyàn bá tẹ̀ sínú prompt, ọ̀rọ̀ ni JavaScript ń kà á sí, kì í kà á sí iye, tí àmì + bá sì bá ọ̀rọ̀ pàdé ó máa lẹ̀ wọ́n mọ́ra ni. Tíṣà ní "it is adding strings" (string ni wọ́n ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀), ọ̀rọ̀ "add" yẹn kan náà ló ń lò fún méjèèjì, àwọn ọmọ ń wò ó. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, so pọ̀ ọ̀tọ̀, rò pọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe àdìrẹ oníko mọ síso dáadáa, òkúta wẹ́wẹ́ tí a so mọ́ aṣọ kì í di òkúta ńlá kan, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa wà. 6500 àti 3000 tí a so pọ̀ ni 65003000, 6500 àti 3000 tí a rò pọ̀ ni 9500. Kí ẹ̀rọ tó lè rò ó pọ̀, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di iye ná: let owoAso = Number(prompt("Èló ni aṣọ?")); ó tán. Ohun tó tún ń dá ọmọ láàmú níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá fi àmì ìyọkúrò dán an wò, á ṣiṣẹ́, "6500" - 500 á fún yín ní 6000, torí ìyọkúrò ò mọ nǹkan míì ju iye lọ, òun ló ń fúnra ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ di iye. Ọmọ tó bá fi ìyọkúrò dán an wò á rò pé kò sí ìyọnu, àfìgbà tó bá fẹ́ rò ó pọ̀.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì gbọ́ kí tíṣà kankan sọ, àwa tó ń kọ Yorùbá ló sì máa bá jù. JavaScript gbà kí a fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kọ orúkọ variable. Ọjọ́ tí mo dán an wò tó ṣiṣẹ́, ayọ̀ mi kún, mo pe ọmọ mi láti yàrá, mo ní ó gba owó, ó gba òwò, ó sì mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà! A bá yí gbogbo orúkọ padà. Lọ́jọ́ kejì ọmọ mi kọ apá kan lórí fóònù ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ tèmi lórí lápútọ́ọ̀pù, Chrome tí mo fi ń ṣí ojú ewé náà ní "owó is not defined", pé òun ò mọ owó. Owó nìyí lókè, let owó = 6500, owó náà nìyí nísàlẹ̀, ojú wa méjèèjì rí i. A wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, a ka àmì, wọ́n mú iná lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, a ṣì ń wò ó. Nígbà tó yá la mọ̀ pé ó tí a rí yẹn, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ẹ̀, kíbọọ̀dù kan á fi í sílẹ̀ bí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ti ní àmì lórí, òmíì á kọ o lásán, á wá kọ àmì ohùn tẹ̀ lé e. Lójú wa ọ̀kan náà ni, lójú JavaScript orúkọ méjì ni, kò sì ní í bá ẹ parí ìjà wọn. Ti ọ́ tiẹ̀ tún burú jù, torí kò sí èyí tó wà bíi lẹ́tà kan ṣoṣo fún un rárá, dandan ni kí wọ́n tò ó pọ̀, oníkálukú sì ní bó ṣe ń tò ó.

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí ni pé orúkọ inú kóòdù, mi ò fi àmì sí i, tí méjì bá fẹ́ jọra mo máa ń wá ọ̀rọ̀ míì, owó di owo, òwò di karakata. Àmọ́ gbogbo ohun tí èèyàn máa kà lójú ewé, tó wà láàárín àmì ọ̀rọ̀ (" ") yẹn, àmì ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, torí ẹni tó ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi kò gbọdọ̀ rí Yorùbá tí ò ní àmì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò, kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí let padà, let ni let, const ni const, a ò lè pààrọ̀ ẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni àlàyé, ohun tí tíṣà ń fi ẹnu sọ kí ọmọ tó fọwọ́ kan kíbọọ̀dù, àti orúkọ tí ọmọ fúnra ẹ̀ máa sọ nǹkan. Ọmọ mi mọ Gẹ̀ẹ́sì ju èmi lọ dáadáa, síbẹ̀ Yorùbá ló ṣí i fún un.

Ẹ̀yin olóòtú, ìlú wa yìí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní 1859, èdè wa ló fi tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kún un, torí ó fẹ́ kí àwọn èèyàn kọ́ bí a ṣe ń kàwé wá ìmọ̀. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní igun kékeré kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò ní ju ìlàjì ojú ewé lọ, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa fi Yorùbá ṣàlàyé nǹkan kan ṣoṣo, lọ́sẹ̀ yìí variable, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ if, kí àwọn òbí lè jókòó ti ọmọ wọn kí wọ́n jọ kà á. Èmi àti ọmọ mi ti kọ mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀, a ò gba kọ́bọ̀, tẹ́ ẹ bá ti dá wa lóhùn la máa fi ránṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá máa gbé lẹ́tà yìí jáde, ẹ bá mi bẹ ẹni tó ń to ìwé yín kó má jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ let di Let, kó má sì jẹ́ kó tẹ àmì ọ̀rọ̀ tó wà nínú prompt kọ̀rọ̀dọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún ẹwà, kó dúró gbọọrọ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, torí ọmọ kan á dà á kọ bó ṣe rí i, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣiṣẹ́ fún un.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aládìrẹ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.